Ìgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní sẹ̀mísítà kan: báwo lẹ ṣe ń mọ bùkà tó ṣeé jẹ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́?

Àyìnlá_300L

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú sí àkọlé mi, bó ṣe rí gan-an ni mo kọ ọ́. N ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mi nítorí pé mo ṣì fẹ́ gba sátífíkéètì. Wọn ò gbà kí a dáná ní họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ́ láti ìgbà tí sítóófù ẹnì kan ti jó mátírẹ́ẹ̀sì, nítorí náà bùkátéríà ni mo ti ń jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Ti àkọ́kọ́, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata ni. Aago méjì ọ̀sán ni mo jẹ ẹ́. Kó tó di aago márùn-ún mo ti ń bì bí aláboyún. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀wà àti ẹran ni mo jẹ lálẹ́. Ọ̀gànjọ́ òru ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mi, mo sì ń sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò lómi. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, n ò tiẹ̀ mọ ohun tó fà á, ibà ló kọ́kọ́ dé.

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé ibi tí ilẹ̀ ẹ̀ mọ́ jù nínú ọgbà, tí wọ́n fi táìsì sí, tí fáànù ń fẹ́, níbẹ̀ gan-an ni mo ti jẹ ìrẹsì ọjọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi sì rèé, abẹ́ páànù lẹ́yìn pápá ló ti ń jẹun láti ọdún àkọ́kọ́, orí ò fọ́ ọ rí. Kí ni mi ò mọ̀ ọ́n wò? Ẹ má sì sọ pé kí n máa gbé oúnjẹ wá láti ilé o, ilé wa jìn.

Baba_Ìbejì

Àbúrò, ibi tí àwọn awakọ̀ bá ti ń jẹun ni kí o máa lọ. Awakọ̀ kì í fi ikùn ṣeré. Ọdún 1998 lèmi jáde ní tèmi, a jẹ ọbẹ̀ tí eṣinṣin ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, nǹkan kan ò ṣe wá. Ìdọ̀tí kì í pa aláwọ̀ dúdú.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́

Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó pa ò sí níbí láti fèsì. Mò ń padà bọ̀, mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Máíkírò_Ọdún_Kẹrin

Àyìnlá, fi táìsì sílẹ̀, wákàtí ni kí o wò. Ẹ̀kọ́ kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kọ́, ìdánwò ẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi yín ṣe àtúnkà.

Ìrẹsì tó mú ẹ bì láàárín wákàtí mẹ́ta yẹn, kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus. Inú erùpẹ̀ ló ń gbé, láti oko ló ti ń bá ìrẹsì wá. Ó ní nǹkan kan bí hóró tó máa ń sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá se ìrẹsì títí tó fi jinná, hóró yẹn ò ní kú. Bí ìrẹsì bá wá kúrò lórí iná, tí wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ látàárọ̀, hóró á hù, kòkòrò á pọ̀ sí i, á wá tu májèlé sínú oúnjẹ. Májèlé yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí bí wọ́n bá tún ìrẹsì náà gbé kaná, kòkòrò lè kú o, májèlé ò ní lọ. Wákàtí kan sí mẹ́fà lẹ́yìn oúnjẹ ni èébì ń dé. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n dá irú èébì yìí mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nídìí ìrẹsì díndín ní àwọn ilé oúnjẹ Ṣáínà. Wọ́n ń se ìrẹsì sílẹ̀ lálẹ́, wọ́n ń fi í sílẹ̀ láìsí nínú fìríìjì kó má baà lẹ̀ mọ́ra bí wọ́n bá ń dín in ní ọjọ́ kejì.

Ẹ̀wà àti ẹran ti òru yẹn jọ iṣẹ́ Clostridium perfringens. Ìkòkò ńlá lòun fẹ́ràn. Ìkòkò ẹran tó ga dé orúnkún èèyàn, bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, etí ẹ̀ á tutù, àárín ẹ̀ á ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kòkòrò yìí ò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló dùn mọ́ ọn. Ó máa ń tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún kó tó jà. Inú á máa lọ́ni, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ibà kì í sábà sí níbẹ̀.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà, lọ ṣe àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n má di ẹ̀bi ru ẹni tó ta oúnjẹ àná fún ẹ. Ibà jẹ̀fùnjẹ̀fùn, èyí tí ẹ̀ ń pè ní táífọ́ọ̀dù, lè lo ọjọ́ mẹ́fà sí ọgbọ̀n lára kó tó yọjú. Oúnjẹ tó fà á lè jẹ́ ti oṣù tó kọjá.

Gbogbo wọn, láàárín ìwọ̀n ooru 5 sí 60 sẹ́ńtígíréèdì ni wọ́n ti ń bímọ lé mọ. Ọ̀sán tiwa níbí, 30 lọ sókè ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ sísè má lò ju wákàtí méjì lọ níta. Ẹ wá ka iye wákàtí tó wà láàárín ìdájí tí wọ́n gbé ìrẹsì kaná àti aago méjì tí o jẹ ẹ́.

Ìyá_Ìdáná

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń ta oúnjẹ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí, òun náà ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Kò sí ìyá olóúnjẹ tó fẹ́ kí oníbàárà òun ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n gáàsì wọ́n. Ẹni tó bá se ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló jó gáàsì. Ẹni tó sè é lẹ́ẹ̀kan láago márùn-ún ìdájí, ẹ̀ẹ̀kan ló jó o, ó sì ti jèrè kí n tó délé. Ohun tí ọmọ tó kàwé yẹn ń sọ, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìkà, owó ni.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ méjì tó jẹ jọ̀lọ̀fù mi padà wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ojú wọn ti wọnú. Wọn ò bú mi. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sọ, wọ́n ní, "Mà, ìrẹsì àná yẹn…" Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, ìkòkò kékeré mẹ́ta ni mo ń sè: ti aago mẹ́jọ, ti aago méjìlá, ti aago mẹ́ta. Bí mo bá fẹ́ kó o sínú kúlà, mo máa kọ́kọ́ da omi híhó sínú kúlà náà, kí n dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n tó dà á nù. Kúlà tútù á mu ooru ìrẹsì. Ẹ bi àwọn tí ẹ̀ ń jẹun lọ́dọ̀ wọn bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó ti mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ní ti ọbẹ̀, ata mi, mo máa ń dín in títí omi ẹ̀ á fi gbẹ tí epo á dúró lójú ẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, n kì í fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò ńlá. Bàsíà pẹlẹbẹ ni mo ń dà á sí, kó má ga ju ìka mẹ́rin lọ, kó lè tètè tutù kó tó wọ fìríìsà. Bí iná ò bá sí, mo tan jẹnẹrétọ̀. Bí epo jẹnẹrétọ̀ bá tán, ọbẹ̀ yẹn lọ nìyẹn. Ọjọ́ kejì, ó gbọ́dọ̀ hó títí tó fi ń ta sókè, kì í ṣe kó kàn gbóná lójú. Bó bá tún wá ṣẹ́kù, n kì í gbé e kaná lẹ́ẹ̀kẹta. Gbẹ̀gìrì àti ewédú, èmi ò jẹ́ kí wọ́n sùn rárá.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mi láago mẹ́rin tí mo ní ìrẹsì ti tán, ẹ má kùn. Ẹni tí ìrẹsì rẹ̀ kì í tán ni kí ẹ máa sá fún.

Àyìnlá_300L

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ibi onítáìsì yẹn, ìrẹsì wọn kì í tán lóòótọ́! Èmi tiẹ̀ rò pé oore ni wọ́n ń ṣe wá.

Wolé-wolé_Àtijọ́

Mo ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wọ káà dé káà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní ọgbọ́n kan tí a fi ń mú wọn. Bí o bá dé ilé oúnjẹ, má jókòó. Sọ fún wọn pé o fẹ́ fọwọ́. Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ omi tí ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ti dáa díẹ̀. Bí wọ́n bá mú ẹ gba ẹ̀yìn, á dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀yìn ni òtítọ́ wà. Bí wọ́n bá gbé abọ́ omi kan wá bá ẹ, tí àwọ̀ ẹ̀ ti dà bí omi ẹ̀lùbọ́, tí ẹni mẹ́wàá ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ṣáájú ẹ, dìde.

Wo ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Bàsíà mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀: ti omi ọṣẹ, ti omi tí wọ́n fi ń ṣan abọ́, àti ti omi tí wọ́n fi jíìkì díẹ̀ sí. Bàsíà kan péré ni mo ń bá ní ibi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, àgékù dòdò á sì máa léfòó lórí ẹ̀. Lẹ́yìn náà wo aṣọ tí wọ́n fi ń nu abọ́. Ó sàn kí abọ́ gbẹ fúnra ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ju kí wọ́n fi aṣọ kan náà nu abọ́, tábìlì, àti òógùn ojú. Mo ti rí aṣọ tó ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ìṣẹ́jú kan.

Wọ́n á ní omi ò sí. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́. Mo mọ ìyá kan tó ń ra omi kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, tí abọ́ ẹ̀ sì ń dán.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ yín ló máa ń ní "ẹ jẹ́ ká fẹjọ́ sun NAFDAC." Oúnjẹ inú páálí, inú agolo, inú ọ̀rá tó ní nọ́ḿbà ni ti NAFDAC. Oúnjẹ sísè ní bùkà, ọ́fíìsì ìlera àyíká ti ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ín, ìyẹn àwa wolé-wolé. A lè béèrè ìwé àyẹ̀wò ìlera lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń fọwọ́ kan oúnjẹ: àyẹ̀wò ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀, àyà. Ìdí tí a fi ń béèrè ni pé ẹni tó ń gbé àrùn kiri lè má ṣàìsàn rárá. Obìnrin alásè kan wà ní New York tó ń jẹ́ Mary Mallon. Ara ẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n ilé tó bá ti dáná ni táífọ́ọ̀dù ń tẹ̀ lé e dé. Ní 1907 ni wọ́n mú un, wọ́n fi í sí àdádó. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1910, ó ṣèlérí pé òun ò ní dáná fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 1915, wọ́n tún bá a ní ilé ìdáná ilé ìwòsàn aláboyún, ó ti yí orúkọ padà, èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kó o, méjì nínú wọn kú. Àdádó ló wà títí ó fi kú ní 1938. Obìnrin yẹn ò gbà títí ọjọ́ ikú pé òun ló fà á, torí ohunkóhun ò ṣe òun fúnra ẹ̀.

Baba_Ìbejì

Ẹ̀rù wá ń bà mí báyìí. Aya mi ló ń dáná.

Ará_Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mò ń kàwé níbí, mo sì ń ṣe iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ ní ilé oúnjẹ yunifásítì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé tẹ̀mómítà ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́, kì í ṣe ṣíbí. Ó ní irin gígùn tí à ń gún bọ àárín adìyẹ. Bí kò bá kà dé 75, adìyẹ ò ní jáde. Èyí tó wà lórí tábìlì ìbùjẹ gbọ́dọ̀ wà ní 63 ó kéré tán. Bó bá wá sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí méjì péré ló kù fún un, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. A máa ń kọ aago náà sórí ìwé kékeré, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo. Mo ti da àwo pásítà tó kún dẹ́nu nù torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọwọ́ mi gbọ̀n, ẹ̀mí Ìjẹ̀bú tó wà lára mi ń sunkún.

Wọ́n tún máa ń fún ilé oúnjẹ ní máàkì, láti 0 dé 5, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ní Wales, dandan ni kí wọ́n fi í hàn láti 2013. Ní England níbí kì í ṣe dandan, nítorí náà bí n ò bá rí máàkì lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gba 5 kì í fi pamọ́.

Ohun tó wù mí kó dé ọ̀dọ̀ wa ju tẹ̀mómítà lọ ni òfin wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Bí òṣìṣẹ́ bá ya ìgbẹ́ gbuuru tàbí tó bì, kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdáná títí wákàtí 48 á fi kọjá lẹ́yìn tó ti dá.

Ìyá_Ìdáná

Ọmọ mi, ta ni yóò san owó ọjọ́ méjì yẹn? Owó ojúmọ́ ni àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń gbà. Bí mo bá ní kí ẹni tí inú ń run lọ jókòó sílé láìsanwó, lọ́la yóò jókòó ti inú rírun ẹ̀ kò ní sọ, yóò wá máa bu ẹ̀bà fún yín pẹ̀lú ẹ̀rín. Ohun tí mo ṣe ni pé ẹni tó bá sọ fún mi, mo máa ń fún un ní ìdajì owó, kí ó lọ sinmi. Àwọn kan ti fi rẹ́ mi jẹ. Mo fara mọ́ ọn.

Ará_Leeds

Ẹ máa pẹ́ fún wa, mà. Níbí náà àwọn tí kì í gba owó àìsàn máa ń fi pamọ́. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sọ fún ọ̀gá mi.

Ọmọ_Àárín_Họ́sítẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin ń sọ ti kòkòrò tí ojú ò rí, èmi máa sọ ti èyí tí ojú rí. Bí o bá ra oúnjẹ gbé lọ, wo bí ọmọ tó ń ta á ṣe máa ṣí ọ̀rá. Á kọ́kọ́ fi ìka ra á. Kò ní ṣí. Á fi ìka kan ahọ́n. Kò ní ṣí. Á wá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀ fúù, bí ẹni ń fẹ́ bàlúùnù, ọ̀rá á wú, ó wá bu ìrẹsì ẹ lé èémí ẹ̀ lórí. Ọwọ́ kan náà ló fi ń gba owó. Láti ìgbà tí mo ti rí i, abọ́ onídèérí tèmi ni mo ń gbé lọ, pẹ̀lú ṣíbí tèmi. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè mí ní "Ọ̀gbẹ́ni Abọ́." Ní báyìí, a ti pé méje ní kọ́rídọ̀ wa.

Owó sì dáa kí ẹ máa fi ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ẹni tó ń bu oúnjẹ má fọwọ́ kan náírà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun náà ló ń tẹ fóònù láti wò ó bóyá owó ti wọlé, kò sí ìyàtọ̀.

Ìyá_Ìdáná

Ti fífẹ́ ọ̀rá yẹn, ẹ ti bá mi wí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọmọ tèmi ni, ó ń fẹ́ ẹ.

Alága_Wẹ́fẹ́à_Tẹ́lẹ̀

Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí, ìdí ìgbáyé-gbádùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe wa. Lọ́dún àkọ́kọ́, a fi kámẹ́rà àti ariwo wọ àwọn bùkà, a ya fọ́tò aáyán, a gbé e sórí WhatsApp. Gbogbo àwọn ìyá ti ìsọ̀ pa fún ọjọ́ méjì. Bísíkíìtì ni a jẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bú wa. Nígbà tí wọ́n ṣí padà, aáyán ṣì wà níbẹ̀, owó oúnjẹ ló lọ sókè.

Lọ́dún kejì, a lọ jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti bírò, a ní kí wọ́n sọ ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni gbogbo wọn ń sọ: ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà fún ìsọ̀ mọ́kànlá, ó sì jìn tó pápá bọ́ọ̀lù. A fi oṣù mẹ́rin lé àwọn aláṣẹ kiri kí wọ́n tó gbé táńkì kan wá, kí wọ́n fa páìpù méjì sẹ́yìn ìsọ̀. Ohun tí a rí gbà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bàsíà ìfọbọ́ di mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi ti ń wá.

Ẹ sì rí i pé táńkì náà ní ìdérí. Tiwa ò ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, aláǹgbá méjì la kó jáde.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́

Mo ti dé. Àyìnlá, gbọ́ tèmi dáadáa.

Bí inú bá ṣí, omi ara ló ń lọ, òun náà ló sì ń pani. Ra ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí à ń pò mọ́ omi mu, ní kẹ́míìsì, kò wọ́n. Bí o kò bá rí i, mú píọ̀ wọ́tà méjì tó jẹ́ 50cl, èyí á di lítà kan. Fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà sí i, ṣíbí gígún régé tí kò ga, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Má fi iyọ̀ kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó léwu. Máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí o bá bì í, sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, má lò ó bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí tí ibà ń ṣe ẹ́. Ẹ sì jọ̀ọ́, gbogbo inú rírun kọ́ ni ẹ máa gbé Flagyl lé. Májèlé inú ìrẹsì ò mọ Flagyl rí.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí ìtọ̀ bá dá, bí ojú bá wọnú, bí èébì ò bá jẹ́ kí omi dúró nínú, bí ibà bá ga, ilé ìwòsàn lẹ ń lọ. Bí ìgbẹ́ bá wá ń dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, tó ń tú yàà láìsí ìrora, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Onígbáméjì lè pa èèyàn láàárín wákàtí mélòó kan. Ní oṣù kẹfà 2024 tó jà ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ nípa omi òfìo tí wọ́n ń rọ sínú ike láìní nọ́ḿbà NAFDAC. Irú ohun mímu yẹn wọ́pọ̀ lẹ́nu géètì yín: òfìo, sóbò, kunú. Wọn kì í sè é lẹ́yìn tí wọ́n bá fi omi àti yìnyín lù ú, nítorí náà bí omi àti yìnyín yẹn bá ṣe rí ni ohun mímu náà ṣe rí.

Ní ti táífọ́ọ̀dù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "Widal", ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n ń ṣe é ní gbogbo ìta kò tó láti dá ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá ló máa ń gbé e jáde. Sọ fún dókítà pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lọ gbìn, kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò táífọ́ọ̀dù máa hù níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù sì wà, béèrè ẹ̀.

Máíkírò_Ọdún_Kẹrin

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Mo gbàgbé kòkòrò kan: Staphylococcus. Imú àti ojú egbò ló ń gbé. Bí ẹni tó ń ge sáláàdì bá ní egbò lọ́wọ́ tó kàn fi aṣọ dì í, ó lè mú èèyàn bì láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́jọ. Òun náà, májèlé ẹ̀ kì í bẹ̀rù iná. Sáláàdì onímáyọ̀nísì ọ̀sán gangan, èmi ti jáwọ́.

Ìyá_Ọ̀lẹ̀lẹ̀

Kò sẹ́ni tó sọ ti ewé. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé eéran ni mo ń tà, mo máa ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ tojú-tẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ní ti ọ̀rá ló yá. Ẹ̀yin tó kàwé, ṣé ọ̀rá tí à ń gbé sórí iná yẹn ò lóró?

Máíkírò_Ọdún_Kẹrin

Mà, ọ̀rá tí wọn ò ṣe fún iná ò yẹ kó débi iná. Ẹ má fi ewé yín sílẹ̀.

Àyìnlá_300L

Mo ti padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ mi, táífọ́ọ̀dù ni lóòótọ́, mo ti lo oògùn tán.

Mo ṣe ohun tí bàbá wolé-wolé wí. Mo dé ibi onítáìsì, mo ní mo fẹ́ fọwọ́. Ọmọbìnrin náà mú mi gba ẹ̀yìn. Ìkòkò ìrẹsì náà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ tábìlì àtijọ́ ni wọ́n fi bò ó. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ẹ̀: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí omi tí à ń fi wẹ ọmọ tuntun. Aago méjì àbọ̀ ni. Mo béèrè ìgbà tí wọ́n sè é, ó ní, "Àárọ̀ ni, bọ̀ọ̀dá, ó ṣì gbóná." Mo dúpẹ́, mo jáde.

Mo wá lọ sí abẹ́ páànù lẹ́yìn pápá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò mọ́ o, ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ewúrẹ́ kan tiẹ̀ fẹ́ bá mi jókòó. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí ìyá náà ń bù nínú ẹ̀ kéré, ó wà lórí iná, bàsíà ìfọbọ́ méjì ló wà. Mo ní kí ló dé tí kò pé mẹ́ta. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Wolé-wolé ni ọ́ ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Mo gbé abọ́ mi kalẹ̀. Ó ní kí n lọ jókòó, ìrẹsì ẹ̀ẹ̀kejì ò tíì jinná. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi dúró, mo pẹ́ dé kíláàsì.

Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta fúláásìkì oúnjẹ tí kò wọ́n ní Ìbàdàn, kó sọ fún mi o.

Baba_Ìbejì

Lọ sí Ògùnpa. Ra èyí tí inú ẹ̀ jẹ́ irin, má ra onígíláàsì, ó máa fọ́ nínú báàgì.